Ọjọ́ Tí Kúrò-Níbí Dákẹ́ ní Ẹ̀pẹ́

Ọkọ̀ ojú omi náà kọ̀, kò lọ. Mákànjúọlá tún ọ̀fun ṣe, ó kí i lẹ́ẹ̀kejì, ọkọ̀ náà kàn mì sọ́tùn-ún, ó mì sósì, bí ọmọdé tó ń gbọnrí pé òun kò jẹ ẹ̀kọ mọ́. Oòrùn ti ń yọ lórí ọ̀sà. Mo jókòó síwájú ọkọ̀, mo gbé àpò mi lé itan, mo fi ìborùn bo ẹnu kí ó má baà rí i pé mo ń rẹ́rìn-ín.

"Màmá," ó ní, "mo ti sọ ilé tí obìnrin tó ṣe ọkọ̀ yìí ti wá. Mo ti sọ oore tó ṣe. Kí ló tún kù?"

"Ẹ̀rín ló kù," mo ní.

Ó ní òun kò ráyè ẹ̀rín lónìí. Òótọ́ ló sì sọ. Òun ni ọ̀gá Ilé Ìkíni fún gbogbo ìlú etí ọ̀sà, ó ti wá kan ilẹ̀kùn mi ní Ìkòròdú kí n tó bọ́jú, ó ní kí n máa bọ̀ ní Ẹ̀pẹ́, wàhálà wà. Kò tíì sọ wàhálà ọ̀hún fún mi. Mo kàn mọ̀ pé bí ọkọ̀ yìí kò bá gbéra, ibi tí a wà yìí la máa ti jẹun ọ̀sán.

Mo tẹ àtẹ́lẹwọ́ mi mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, níbi tí wọ́n gbẹ́ ihò kékeré sí tó fi ń gbọ́ràn, mo gbé orin:

*Ẹbiẹrẹ ọmọ ilẹ̀ Ìjọ, ọmọ afẹsẹ̀ wọnú ẹrẹ̀ bí ẹni wọ bàtà,*
*Ìwọ lo kọ́ ọkọ̀ ní bí wọ́n ṣe ń ka omi,*
*Kò sí àjẹ̀, kò sí epo,*
*Ọkọ̀ mọ ibi tí omi ń lọ kí omi fúnra rẹ̀ tó mọ̀.*
*Ẹbiẹrẹ tí kò lè lúwẹ̀ẹ́,*
*Omi dé orúnkún, Ẹbiẹrẹ ké sí ìyá rẹ̀.*
*Ìbẹ̀rù omi lo fi kan ọkọ̀,*
*Àwa tí à ń lúwẹ̀ẹ́ bí ẹja, kí la ṣe?*

Inú ọkọ̀ náà kùn hùùn, bí ológbò tí wọ́n ń fọwọ́ pa lórí, ó sì gbéra. Omi pín sí méjì níwájú wa.

Mákànjúọlá wí, ó tún wí, pé bí wọ́n bá fi òun jẹ mínísítà lọ́la, ẹ̀rín yìí lòun máa kọ́kọ́ yọ kúrò nínú òfin. Ó ní ilé àti oore ti tó kí ẹ̀rọ. Kí ló kan ọkọ̀ nínú pé ẹni tó ṣe é ń bẹ̀rù omi?

Mo ní kí ó rántí olè aṣọ-oòrùn. Kò sí ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ náà. Ọkùnrin kan jí iṣẹ́ Dókítà Ìlọ̀rí, ó gbé aṣọ náà lọ sí Àbújá, ó ní òun lòun hun ún. Ó mọ okùn tí wọ́n fi hun ún, ó mọ bó ṣe ń sọ oòrùn di iná, ó dárúkọ ilé bàbá rẹ̀ pẹ̀lú àyà líle. Wọ́n wá ní kí ó sọ ẹ̀rín tó wà nídìí rẹ̀, ó ní abẹ́ igi lòun jókòó sí, tí òun ń ka ìwé, tí ọgbọ́n náà fi dé. Aṣọ ò tan. Ni ọmọbìnrin kan láti Ìwó bá dìde láàárín èrò, ó sun ún ní rárà bí Ìlọ̀rí ṣe sá ṣòkòtò tí èérún bàbà ti kún inú rẹ̀ sórí páànù, tó wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìdúpẹ́, tí iná gbé e nídìí níbi tó gbé ń jó lọ síwájú pẹpẹ, tí gbogbo ìjọ rò pé ẹ̀mí ló bà lé e. Kó tó parí, aṣọ náà ti tàn débi tí adájọ́ fi fọwọ́ bojú.

Mo sì rán an létí ohun tí ìyá ìyá mi máa ń sọ. Nígbà ayé tiwọn, bí ohunkóhun bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ọgbọ́n òyìnbó ni. Ọmọ ilé kejì lè ṣe é lójú wọn, wọ́n á ṣì yí i wò bóyá orúkọ ìlú òkèèrè wà lábẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi ní kí wọ́n dá etí sí gbogbo ẹ̀rọ tí ọmọ Nàìjíríà bá ṣe, kí ẹ̀rọ má sì dáhùn àfi bí a bá kí ẹni tó ṣe é. Lónìí, ọmọdé tí kò tíì lè fọ eyín ara rẹ̀ ti mọ Talatu ará Kàtsínà, tó da iyọ̀ jù sọ́bẹ̀, tó yọ́ dà á sẹ́yìnkùlé kí ìyá ọkọ rẹ̀ má baà tọ́ ọ wò, tó wá rí i pé ọkà tó wà níbẹ̀ ń yọ ọmọ. Òun ló sọ ilẹ̀ oníyọ̀ di oko. Wọ́n mọ Nwakaego ará Ọ̀nìtsà, tó já sí kòtò lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn, tó sì fi ìbínú ọjọ́ yẹn ṣe ọ̀dà tó ń dí kòtò ara rẹ̀ lójú títì.

Èmi mọ gbogbo wọn. Ìwé tí mo kà kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ẹ ní kí n sọ ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ojúọlápé ará Ìkàrẹ́ ṣe sí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde tí kò fi pa ọmọ ẹnikẹ́ni mọ́, màá kọ ọ́ lórin fún yín, títí kan epo àkàrà tó kán sórí gíláàsì tí obìnrin náà ń yẹ̀ wò. Asunrárà àwọn onísáyẹ́ǹsì ni mí. Olóhùn-Iyọ̀ ni wọ́n ń pè mí láti Èkó dé Sókótó. Àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n fún mi ní Àbújá nítorí ohùn mi ń bẹ lọ́rùn mi, mi ò sì í bọ́ ọ àfi bí mo bá fẹ́ wẹ̀. Mo fẹ́ràn ohùn mi, kí n má purọ́.

"Ta la fẹ́ lọ kí ní Ẹ̀pẹ́ gan-an?" mo bi Mákànjúọlá.

Ó wo omi. "Dókítà Odùnúgà," ó ní.

Mo ní kí ọkọ̀ dúró. Ọkọ̀ ò dúró. Mo ní kí Mákànjúọlá dá a padà, ó ní orin mi ti dùn mọ́ ọkọ̀ náà jù, kò ní gbọ́ tẹnikẹ́ni mọ́ títí tí a ó fi dé. Ojú rẹ̀ mọ́, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo sì rí i pé ó ti mọ̀ kó tó kan ilẹ̀kùn mi.

Ọkọ mi àkọ́kọ́ ni Odùnúgà. Ọkùnrin dáadáa. Kì í bínú, kì í jayé ìjẹkújẹ, kì í purọ́. Nítorí ìhanrun rẹ̀ ni mo ṣe kó ẹrù mi lọ. Bó bá ti sùn, páànù á máa gbọ̀n, àwo á máa rìn lórí tábìlì, ajá àdúgbò á máa dáhùn. Mo fara dà á, mi ò lè fara dà á mọ́, mo lọ. Ṣùgbọ́n mi ò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ìtìjú tó máa ń bá a nítorí ìhanrun yìí pọ̀, nítorí nílé ìwé tí wọ́n ti ń gbé nígbà tó wà lọ́mọdé, ńṣe ni wọ́n máa ń gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ jáde sí pápá. Ó bẹ̀ mí pé kí n máa lọ, ṣùgbọ́n kí n bo òun láṣìírí. Mo sọ fún mọ̀lẹ́bí pé ìwà wa ò bára mu. Ọkọ tí mo fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, kú láì mọ̀.

Mákànjúọlá wá tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Odùnúgà ti ṣe ẹ̀rọ kan, Kúrò-Níbí ni àwọn ará Ẹ̀pẹ́ sọ ọ́. Kò ní èéfín, kò ní oògùn. Ó ń dún, ṣùgbọ́n etí ènìyàn kò lè gbọ́ ọ, ẹ̀fọn nìkan ló ń gbọ́ ọ, bí wọ́n bá sì ti gbọ́ ọ, wọ́n á kó ẹrù wọn. Láti ìgbà ọyẹ́ tí wọ́n ti fi dánra wò ní Ẹ̀pẹ́, ibà ti di ìtàn níbẹ̀. Àkókò ìdánrawò parí ní àárọ̀ yìí, etí ẹ̀rọ náà sì ṣí, ó dákẹ́, ó ń retí ìkíni. Bí wọn kò bá kí i bó ṣe yẹ kí oòrùn tó wọ̀, òfin ní kí wọ́n gbé e padà sí Àbújá, ó di ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀. Òjò sì ti ń rọ̀. Kí ó tó dákẹ́ ni àwọn asunrárà mìíràn ti lọ síbẹ̀. Wọ́n bi àwọn tó bá a kàwé, wọ́n bi àwọn tó kọ́ níwèé, kò sẹ́ni tó rí ẹ̀rín kankan lára ọkùnrin náà. Ó tọ́ bí igi rúlà.

"Ẹni tó bá a gbé yàrá kan náà ló kù, Màmá," Mákànjúọlá ní.

"Mo ti bá a ṣe àdéhùn."

"Ìbídùnní ọmọ ọmọ yín, Ẹ̀pẹ́ kọ́ ló bímọ tuntun sí?"

Ẹ̀pẹ́ ló bímọ sí. Ọmọ náà kò tíì ju ìṣù ẹ̀kọ lọ.

Nígbà tí a yọ sí Ẹ̀pẹ́, mo rí àwọn ilé lórí òpó gíga nínú omi, aṣọ-oòrùn tí wọ́n sá sórí okùn láti ilé dé ilé, ó ń mú iná bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Èrò ti kún èbúté. Bí wọ́n ṣe rí mi báyìí, àtẹ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dún, pà, pà, pà. Inú mi dùn. Mo dìde nínú ọkọ̀, mo tẹríba, mo fọwọ́ sí àmì ẹ̀yẹ mi, mo tún tẹríba sápá kejì. Ìgbà tí mo sún mọ́ wọn tán ni mo tó rí i pé ẹ̀fọn ni wọ́n ń pa.

Ìbídùnní wà níwájú, ó fi ìró bo ọmọ. Ó ṣí i hàn mí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà ti rí kókó pupa, ó ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo rán ẹ̀fọn náà sí i.

"Ẹ̀yin la gbójú lé, Ìyá àgbà," Ìbídùnní ní. Ó ń fi ìbòrí ara rẹ̀ fẹ́ ọmọ.

Odùnúgà jókòó lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, fìlà rẹ̀ gẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń gẹ̀ nígbà yẹn. Ẹ̀rọ náà kò ju àmù omi lọ, ó ní etí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti iná kékeré kan lórí, iná náà pupa.

"Àwẹ̀ró," ó ní.

Kò sí ẹni tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé. "Ẹ kú ìjókòó, Dókítà," mo ní.

Mákànjúọlá dúró sáàárín wa lójú ẹsẹ̀. Ó ní láti ìsinsìnyí lọ, Dókítà kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀, kò gbọ́dọ̀ mi orí, kò gbọ́dọ̀ ṣẹ́jú, nítorí ẹni tó di ẹ̀rín sínú etí ẹ̀rọ kò gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ tú u. Ó ń wo ìpéǹpéjú Odùnúgà bí ọlọ́pàá. Odùnúgà gbé ọwọ́ lé itan, ó sì gan bí ère.

Mo rìn yí ẹ̀rọ náà ká. Mo ronú. Bí mo bá sọ ọ́, mo fi ọkùnrin yìí ṣe ẹlẹ́yà lójú gbogbo ayé, nítorí ohun tí a bá kí ẹ̀rọ, gbogbo ilé ìwé Nàìjíríà ni yóò máa kọ ọ́ láàárọ̀. Àwọn ọmọdé á máa fi imú rẹ̀ ṣeré. Bí mi ò bá sọ ọ́, ìṣù ẹ̀kọ tó wà lọ́wọ́ Ìbídùnní ńkọ́? Mo kọ́kọ́ gbìyànjú láti yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Mo kọ ọ́ pé ó ń gẹ fìlà, pupa. Mo kọ ọ́ pé ó ń mu gaàrí ní àárọ̀, ní ọ̀sán, ní alẹ́, pupa. Mo kọ ọ́ pé ó máa ń kí ìyàwó rẹ̀ bí ẹni ń kí ọ̀gá ilé ìwé, àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín, iná náà ṣì pupa. Ọmọ Ìbídùnní bú sẹ́kún.

Mo yíjú sí Odùnúgà. "Dókítà, mo máa sọ ọ́ o."

Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

*Odùnúgà ọmọ gaàrí Ìjẹ̀bú tó kan gbọ̀ngbọ̀n,*
*Ìwọ lo lé ẹ̀fọn láì dáná, láì fín oògùn.*
*Odùnúgà tí ń hanrun bí ẹ̀rọ ọlọ,*
*Ó sùn ní Òkè-Ọ̀yìn, wọ́n jí ní Ìdí-Ọ̀pẹ,*
*Ẹ̀fọn gbọ́ imú rẹ, ẹ̀fọn sá lọ,*
*Ìyàwó gbọ́ imú rẹ, ìyàwó bá wọn lọ.*

Ẹ̀pẹ́ wó. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi tí àwọn kan gbàgbé láti pa ẹ̀fọn. Àwọn géńdé mú ara wọn lọ́rùn. Odùnúgà bọ́ fìlà rẹ̀, ó fi bo ojú. Èmi náà kò wo apá ibẹ̀ mọ́, iná kékeré yẹn ni mo ń wò.

Pupa.

Ẹ̀rọ náà tilẹ̀ ṣe kẹ̀-ẹ́, bí àgbàlagbà tó gbọ́ irọ́ tí kò fẹ́ bá wọn jiyàn. Ẹ̀rín kú lẹ́nu èrò. Mo dúró síbẹ̀, mo ti tú àṣírí ọmọ ọlọ́mọ, mi ò sì rí nǹkan kan gbà lórí rẹ̀. Mo lọ bá a, mo ní kó má bínú. Ó fẹ́ fèsì, Mákànjúọlá na ìka sí i, ó pa ẹnu dé.

Báyìí ni ọ̀sán ṣe di ìrọ̀lẹ́. Mo kọrin títí, kò sí ohun tí mo mọ̀ nípa ọkùnrin náà tí mi ò kọ, dé orí ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Mákànjúọlá dìde, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìdágbére. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọba, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ìjòyè lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ṣàlàyé ìtàn òfin láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn géńdé ti ń so okùn mọ́ ẹsẹ̀ Kúrò-Níbí láti gbé e sọ́kọ̀. Ooru mú. Ọ̀rọ̀ náà gùn. Odùnúgà tí kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, oorun gbé e lórí àga.

Ó fa ìhanrun.

Ẹ gbà mí gbọ́, kò dínkù láti ìgbà yẹn. Èbúté gbọ̀n lórí òpó. Ewúrẹ́ kan tó dùbúlẹ̀ dìde. Mákànjúọlá dúró láàárín ìtàn òfin tó ń sọ. Mo sì rí ohun kan tí mi ò rí rí nígbà tí mò ń bá a gbé, nítorí inú òkùnkùn la máa ń wà: àwọn ẹ̀fọn tó wà lára wa ń fi wá sílẹ̀, wọ́n ń wọ́ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ wọ̀ọ̀rọ̀wọ̀, bí ẹni tí wọ́n pè wá jẹun. Wọ́n kún irùngbọ̀n rẹ̀.

Mi ò ronú lé e. Ara ló rántí kí orí tó rántí. Orin tí mo máa ń fi bo ìhanrun yẹn mọ́lẹ̀ láyé àtijọ́, èyí tí mo máa ń fi ìbínú gbé láti inú imú, òun ló jáde lẹ́nu mi:

*Onímú fèrè, sún mọ́ ògiri,*
*Sún mọ́ ògiri kí n rí oorun sùn.*
*Ilé la wà, kì í ṣe igbó,*
*Ọkọ ni mo fẹ́, kì í ṣe ìmàdò,*
*Sú-ú-ú-ún mọ́ ògiri.*

Ibi tí mo ti fa *sú-ú-ú-ún* yẹn gan-an ni àwọn ẹ̀fọn ti gbéra. Gbogbo wọn, lẹ́ẹ̀kan náà, bí èéfín. Wọ́n fi irùngbọ̀n Dókítà sílẹ̀, wọ́n fi èbúté sílẹ̀, wọ́n kọrí sí ọ̀sà. Iná orí Kúrò-Níbí kúrò ní pupa, ó di àwọ̀ ọsàn.

Àwọn géńdé sọ okùn nù. Ìbídùnní wo iná, ó wò mí, ó wo iná padà, mo rí i tí ó ń fi eyín há ètè kí ẹ̀rín má baà bọ́. Odùnúgà ti jí. Mákànjúọlá sáré lọ na ìka sí i lójú pé kó má ṣẹ́jú. Kò ṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń lọ sílẹ̀, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Mo ti mọ̀. Mi ò fẹ́ mọ̀, ṣùgbọ́n mo ti mọ̀.

Mo bi Mákànjúọlá bóyá iná àwọ̀ ọsàn kò tó. Ó ní kò tó, ẹ̀rọ ti gbọ́ nǹkan náà, ṣùgbọ́n kò tíì gbọ́ kí wọ́n sọ ọ́ ní ìkíni. Mo bi í bóyá asunrárà mìíràn lè bá mi parí rẹ̀, mo ní ọ̀fun ń dùn mí. Ó ní òfin ní ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ni yóò parí. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ojú líle, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ń wárìrì, mo sì mọ̀ pé bí mo bá yí ẹ̀yìn sí i, ó máa bú sẹ́rìn-ín.

Olóhùn-Iyọ̀. Láti Èkó dé Sókótó. Mo fọwọ́ kan àmì ẹ̀yẹ ọrùn mi, wúrà ni wọ́n fi ṣe é, ó tutù. Gbogbo ilé ìwé Nàìjíríà ni yóò máa kọ ọ́ láàárọ̀. Oòrùn ti fi ẹsẹ̀ kan omi. Mo wo ẹ̀yìn mi, àwọn ẹ̀fọn tó lọ ti ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ọ̀kan ti bà lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tuntun, níbi tó mọ́ tó ṣẹ́ kù.

Mo pa á. Mo nu ọwọ́ mi. Mo wá gbé orin láìfi ohùn kankan pamọ́:

*Odùnúgà ọmọ gaàrí Ìjẹ̀bú, mo parọ́ mọ́ ọ,*
*Kì í ṣe imú rẹ ló lé ẹ̀fọn.*
*Ẹ̀fọn gbọ́ ìhanrun rẹ, wọ́n ní oúnjẹ délẹ̀.*
*Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ ló kọrin,*
*Àwẹ̀ró tí ayé ń pè ní Olóhùn-Iyọ̀,*
*Orin rẹ̀ dé etí ẹ̀fọn, ẹ̀fọn ò dúró mú bàtà.*
*Ọkọ ló ń gbọ́ ọ lálaalẹ́ tí kò ráhùn,*
*Ó fi ìráhùn tí kò rá ṣe ẹ̀rọ fún Nàìjíríà.*

Iná náà di àwọ̀ ewé. Kúrò-Níbí mí kanlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

A ò gbọ́ nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí. Ohun tí a kàn rí ni pé ọwọ́ gbogbo ènìyàn dúró lófuurufú, kò sí ohun tí wọ́n á gbá mọ́. Ọmọ Ìbídùnní pa ojú dé. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ, pà, pà, pà, láti ẹ̀yìn èbúté bọ̀ wá síwájú. Mo kọ́kọ́ wò yíká dáadáa. Kò sí ẹ̀fọn kankan. Èmi ni wọ́n ń pa á fún. Mo tẹríba sọ́tùn-ún, mo tẹríba sósì, mo tún padà sọ́tùn-ún, nítorí mo rò pé apá ibẹ̀ kò rí mi dáadáa.

Nígbà tí wọ́n ti tú ká, Mákànjúọlá jẹ́ kí Odùnúgà sọ̀rọ̀. Mo fa àga kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ní nígbà tí mo kó ẹrù mi lọ, ẹ̀fọn dé. Ó kọ́kọ́ rò pé ìbànújẹ́ ló ń jẹ òun lára. Ó fi ìhanrun ara rẹ̀ dán an wò, ẹ̀fọn fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n pe ẹbí wọn wá. Ìgbà náà ló rántí *sú-ú-ú-ún*. Kò ní ohùn mi lọ́wọ́, ó ní láti fi fèrè wá a, ó fi okùn wá a, ó fi irin wá a, títí ó fi bá a gẹ́lẹ́.

"Ẹ ò sì lè sọ fún mi," mo ní.

"Ìwọ tí o bínú lọ nítorí pé mo sùn?"

Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí. Ó tún fìlà rẹ̀ gẹ̀. Ó ní ìdí tí kò fi sọ ọ́ sí etí ẹnikẹ́ni ni pé ó mọ̀ mí, ó mọ bí mo ṣe fẹ́ràn ohùn mi, òun náà sì fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní àwọn ẹ̀fọn kò gbọ́ orin, wọn ò mọ nǹkan tó dára.

Mo bi í, nígbà tí mo lọ, kí ló ń ṣe gan-an nínú yàrá ìṣèwádìí rẹ̀ tí gbogbo ìyẹn fi wáyé. Ó ní ẹ̀rọ kan tí yóò máa pa ìhanrun lẹ́nu mọ́ ni, kí òun lè wá mú mi padà.

"Ó ti parí?"

"Ó ṣẹ́ ku díẹ̀."

Mo bọ́ àmì ẹ̀yẹ ọrùn mi, mo fi há orí Kúrò-Níbí, níbi tí iná àwọ̀ ewé yẹn ń tàn. Mo ní kó yára, àgbà ti ń dé sí wa.